Ẹ̀rí Tí Ìyá Débọ́lá Jẹ́ Lẹ́ẹ̀kejì

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú Florence, ìyá Débọ́lá. Bí ewúrẹ́ rẹ̀ bá bímọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, gbogbo Ìwéré-Ilé ti gbọ́. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bí a sì ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó wá fi oṣù méjì gbáko dákẹ́ nídìí agbada gàrí, ó yẹ kí a ti fura.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún un n'Ìbàdàn, wọ́n fa oògùn tó gbọn irun orí rẹ̀ dànù sí i lára, dókítà sì ní àwọn ò rí jẹjẹrẹ náà mọ́. Florence kó iṣu àti àgbò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jó títí gèlè fi tú lórí rẹ̀, ó sì jẹ́rìí: "Ó ti lọ! Kò ní padà mọ́ láé!" Ìjọ pariwo Halelúyà. Ta ni kò ní pariwo?

Wàyí o, kókó kan ti yọ lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Kò sọ fún Kọ́láwọlé ọkọ rẹ̀, kò sì padà sí ọsibítù. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtìjú ni. Ó rò pé bí òun bá lanu, òun ti sọ Ọlọ́run di onírọ́ lójú gbogbo ìjọ. Ìwà òmùgọ̀ gbáà! Ìfẹ́ ló sì fi ń hù ú.

Sàrátù, ìyá Sódìq, tí wọ́n ti jọ ń yan gàrí tipẹ́, ló rí i pé ọwọ́ òsì ló ń lò.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún ẹ?"

"Kò síǹkan, Ìyá Sódìq."

"Florence! Gbé apá sókè n rí i."

Apá ò gòkè. Ẹkún ló bú jáde. "Mo ti jẹ́rìí tán. Kí ni mo tún fẹ́ lọ sọ fún wọn?"

Sàrátù fi ìborùn rẹ̀ nu ojú fún un. "Ṣé Ọlọ́run ló ní kó o máa bá òun bo àṣírí? Dìde, jẹ́ ká lọ bá ọkọ ẹ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Florence jáde síwájú ìjọ, Kọ́láwọlé dúró tì í. Kò jó.

"Ẹ̀yin ará, àìsàn náà ti padà. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ pé kò ní padà, Ọlọ́run ò bá mi sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ló fún mi, mo sì gbádùn ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ṣì gbà á gbọ́. Lọ́túńla, mò ń lọ Ìbàdàn."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ká pariwo Halelúyà tàbí ká sunkún. Kí pásítọ̀ tó rí ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ìyá ìjọ ti yí Florence ká.

Lẹ́yìn ìsìn, Faith, ọmọge kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Mà, mo fẹ́ bá yín lọ lọ́túńla."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Ọkọ mi á sìn mí lọ."

Faith wolẹ̀. Ó mú ọwọ́ Florence, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọmú ara rẹ̀. Kókó wà níbẹ̀.

"Ó ti tó oṣù méje, mà. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan."

Florence fà á mọ́ra, ó dì í mú títí ara ọmọ náà fi rọlẹ̀.

"Aago mẹ́fà ni ọkọ̀ máa gbéra," ló sọ. "Má jẹun kó o tó wá o, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ. Mà á jókòó tì ẹ́."