Bí Mo Ṣe Du Ipò Nítorí Kọ́kọ́rọ́ Ṣáláńgá

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́jà Ìdànrè rí yóò gbà mí gbọ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe bí a ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí a ṣe ń mú ìtọ̀ mọ́ra ni. Ṣọ́ọ̀bù wa kò ní ṣáláńgá, ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e kò ní, ẹ̀yìn ọjà sì jẹ́ àpáta lásán, kò sí igbó kankan níbẹ̀ tí èèyàn lè sá sí. Bí o bá lóṣòó síbẹ̀, àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí Òkè Ìdànrè á máa wò ọ́ láti òkè, àwọn àlejò tó gbé kámẹ́rà dání sì wà lára wọn. Nínú àwọn ilé tó ní ṣáláńgá, ti ọ̀gá wa ló sún mọ́ wa jù, ibẹ̀ náà sì jìnnà débi pé ẹni tó bá lọ á ti gbàgbé ibi tó ránṣọ dé kó tó padà. Nítorí náà ni ọ̀gá wa fi ṣòfin pé, "Ọmọ iṣẹ́ mi kì í mumi láàárọ̀." Búrẹ́dì gbígbẹ la máa ń jẹ, itọ́ ẹnu wa la sì fi ń gbé e mì.

Ohun tó ń dùn wá ni pé ṣáláńgá kan wà nítòsí. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́ ló wà, bí èèyàn bá sọ òkò láti ṣọ́ọ̀bù wa, á bà á. Wọ́n fi páànù tuntun bò ó, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n sì fi àgádágodo ńlá tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti ti gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ Sípíkà ilé-ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa, Àkúrẹ́ sì ni Sípíkà ń gbé. Bó bá wálé, wọ́n á ṣí gbọ̀ngàn, wọ́n á sọ Òyìnbó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tì í pa, ó di ìgbà mìíràn. Ọ̀gá wa lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó fi kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Sípíkà ní ohun ìní ilé-ìgbìmọ̀ ni, pé àwọn aṣòfin ní láti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ná.

Ọ̀gá wa dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin ń jókòó lé ọ̀rọ̀ lórí. Àwọn ọmọ mi ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí."

Nígbà tó yá, abẹ́ inú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì sọ fún mi pé ìtọ̀ tí mo ń mú mọ́ra ló fà á. Ó ní kí n máa mumi dáadáa, kí n sì máa tọ̀ nígbàkigbà tó bá ti gbọ̀n mí.

Mo ní, "Níbo, mà?"

Ó pe ẹni tó kàn wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí sáà Sípíkà náà parí, tí wọ́n sì kéde pé ọ̀dọ́ yòówù, akẹ́kọ̀ọ́ ni o, ọmọ iṣẹ́ ni o, lè du ipò náà. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ọmọ àdúgbò Àtòsìn ni, bó bá ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó wà ní gáréèjì á máa dáhùn. Ó dá máṣíìnì rẹ̀ dúró.

"Ìwọ lo máa du ipò yìí."

"Èmi kẹ̀! Kí ló ṣe ìwọ?"

"Èmi ti bá gbogbo ọjà jà tán, ta ló máa dìbò fún mi? Kò sẹ́ni tó kórìíra ìwọ. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó mọ̀ pé o wà níbí."

Òótọ́ ló sọ. JS2 ni mo wà nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí mo sì fi wà níbẹ̀, n kò dìde dáhùn ìbéèrè kankan rí. Bí oníbàárà bá wọlé, aṣọ tí mo ń rán ni mo máa ń kí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo gbà.

Ẹni tí a jọ du ipò náà jẹ́ ọmọ yunifásítì, lọ́yà ni bàbá rẹ̀ ní Èkó. Èèyàn dáadáa ni o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó pàdé ìyá mi lọ́nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá mi sì ṣàdúrà fún un kó tó rántí pé alátakò ọmọ òun ni. Fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú táì wà lára gbogbo òpó iná. Tèmi kò ju páálí kan lọ, èyí tí ọ̀rẹ́ mi kọ nǹkan sí tó sì gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: Ẹ DÌBÒ FÚN ARÁNṢỌ. KÒ NÍ YỌ YÍN LẸ́NU.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ìyá mi ti ìsìn òwúrọ̀ dé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ lọ́rùn. Ìjọ Aládùúrà la wà. Ó gbé ike omi àdúrà kan lọ́wọ́, ike ńlá tí a fi ń ra òróró.

"Mu ún tán. Bí o bá ṣẹ́ ẹ kù, o ti ṣẹ́ ìbùkún rẹ kù nìyẹn."

"Màámi, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀gá wa ní a ò gbọdọ̀ mumi láàárọ̀."

"Ọ̀gá yín ló bí ọ ni?"

Mo mu ún tán.

Iwájú gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́ ni a ti dìbò. Àwọn ìjòyè àti àwọn àgbà jókòó síwájú, Sípíkà tí sáà rẹ̀ ti parí jókòó tì wọ́n. Ọkùnrin kan tó fi fèrè kọ́ ọrùn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ló ń darí ètò. Ó ṣàlàyé pé a ó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà àwọn èèyàn á tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́, òun á sì kà wọ́n. Bí fèrè bá ti dún, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kúrò lórí ìlà. Ẹni tó bá kúrò, ìbò rẹ̀ kúrò.

Ọmọ lọ́yà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ Òyìnbó, ó tún un sọ ní Yorùbá, ó ṣèlérí kọ̀ǹpútà, ó ṣèlérí pápá ìṣeré. Ó kàn mí. Gbólóhùn kan péré ni mo há sórí: pé mo fẹ́ ṣí ṣáláńgá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dìde, mo rí àwọn ìjòyè pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, mo rí wòlíì ìjọ wa, mo rí bàbá tó ṣe ìsọmọlórúkọ mi. Báwo ni ọmọbìnrin ṣe fẹ́ dúró níwájú wọn kó máa dárúkọ ṣáláńgá?

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," mo ní. "Ẹ ṣé o." Mo jókòó.

Ìjòyè kan pàtẹ́wọ́. "Èyí mọ ọ̀rọ̀ sọ! Ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́!"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ìlà ọmọ lọ́yà gùn, ó yí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ká títí dé ibi tí ìyá àgbà kan sá kòkó sí lórí àpáta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé kúlà jáde, wọ́n ń pín omi inú ọ̀rá àti sóbò tútù fún gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà wọn. Oòrùn ń ta, wọ́n ń mu ún, wọ́n tún ń gba òmíràn. Lórí ìlà tèmi, àwọn aránṣọ ni, àwọn onídìrí, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Wọ́n gbé omi dé ọ̀dọ̀ wa náà, kò sẹ́ni tó gbà á. Àwọn tó ń pín in rò pé a bínú ni. A ò bínú, kò mọ́ wa lára ni.

Fèrè dún. Ọkùnrin náà kà wá, ó sì kéde pé ọmọ lọ́yà ló ní èèyàn jù.

"Irọ́!" ọ̀rẹ́ mi ké láti ẹ̀yìn mi. "Ẹ ti ka ẹni tó ga yẹn lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ tún un kà!"

Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìjà ló kàn wù ú. Ṣùgbọ́n òfin ni pé bí ẹnì kan bá tako kíkà náà, wọ́n á tún un kà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí i tí ọmọkùnrin kan lórí ìlà kejì gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Mo mọ ijó yẹn.

"Sà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà síbì kan."

"Bí o bá yà, ìbò rẹ náà yà."

"Sà, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ìbò."

Ó sáré lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. A gbọ́ bó ṣe ń mi àgádágodo. Ó sáré jáde, ó forí lé àpáta. Ìyá oníkòkó dìde pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń lé ewúrẹ́.

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó mi? Bàbá rẹ ló bá mi sá a?"

Ó lé e, àwọn méjì mìíràn sì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pàdé ọ̀pá náà lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, ńṣe ni wọ́n ń já bí èso tó pọ́n. Ẹnì kan á kọ́kọ́ wojú ọ̀run, á di ikùn mú, á sì sá.

"Ẹ má mira!" ọ̀rẹ́ mi ń pàṣẹ fún ìlà wa. "Ẹ ronú nǹkan gbígbẹ! Ẹ ronú gààrí!"

Àwọn èèyàn mi dúró gbọn-in bí òkè. Èmi nìkan ni mo wà nínú ewu. Omi àdúrà ìyá mi ti dé ibi tó ń lọ. Mo fún ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, mo di ọwọ́, n kò mí dáadáa. Ìjòyè tó yìn mí lẹ́ẹ̀kan tún ń nàka sí mi: "Ẹ wo bó ṣe dúró! Ó ní ìfarabalẹ̀!"

Ọmọ lọ́yà rọra sún mọ́ mi. Òun náà ti mu sóbò kó lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Òógùn bo ojú rẹ̀.

"Àǹtí aránṣọ," ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, "ṣé ìwọ náà...?"

Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn yìí dání?"

"Sípíkà. Òun ló jókòó sí ọ̀hún yẹn."

"Kí ló dé tí wọn ò máa ṣí i?"

"Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn kí n tó jókòó."

Ó wò mí, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. "Jọ̀ọ́, má pa mí lẹ́rìn-ín. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, mo gbé."

Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì parí. Ó ku díẹ̀ kí a dọ́gba. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fò sókè: "Àwa náà ò gbà! Ẹ tún un kà!"

"Rárá!" ọmọ lọ́yà ké. "Ẹ má tún un kà! Mo bẹ̀ yín!"

Ó ti pẹ́ jù, ọkùnrin náà ti padà síwájú ìlà. Kó tó ka ìlà wa tán, ìlà kejì ti di ìlàjì. Ọmọ lọ́yà fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè.

"Mo gbà! Òun ló wọlé! Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ kíá!"

Àwọn èèyàn hó. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbé mi sókè, mo ní kó má fọwọ́ kàn mí rárá. Sípíkà àtijọ́ dìde jẹ́jẹ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, ó sì fi ọwọ́ kejì tú bébà kan tó gùn. Ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lédè Òyìnbó.

"Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́," mo ní jẹ́jẹ́.

Ó ń kà á lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ṣí ojú kejì bébà náà. N kò mọ ibi tí ohùn náà ti jáde wá.

"Ẹ̀gbọ́n! KỌ́KỌ́RỌ́ ṢÁLÁŃGÁ!"

Gbogbo ọjà gbọ́ ọ. Wòlíì gbọ́, àwọn ìjòyè gbọ́. Mo já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ, ìlà méjèèjì tẹ̀ lé mi. Àgádágodo ti dógùn-ún, ọmọ lọ́yà bá mi fi òkúta lù ú kó tó ṣí. Mo fa ilẹ̀kùn. Àga oníke ló kún inú rẹ̀ dé òrùlé, pẹ̀lú kánópì tí wọ́n ká.

"Ẹ kó wọn síta," mo ní.

N kò rí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ Ìdànrè ti ṣiṣẹ́ yá báyẹn rí. Kí ojú tó ṣẹ́, inú rẹ̀ ti ṣófo. Wọ́n yà fún mi, Sípíkà tuntun ló sì kọ́kọ́ wọlé.

Mo ṣì ń tijú. Bí a bá jókòó ní ilé-ìgbìmọ̀, gbólóhùn mi kì í pọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìpinnu àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé ṣíṣí ni ṣáláńgá náà á máa wà lójúmọmọ, àti pé gbogbo aṣòfin ni yóò máa fọ̀ ọ́, kálukú pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Abẹ́ inú kò dùn mí mọ́.

Ní Sátidé kan, ó kan ọmọ lọ́yà, tí òun náà ti di aṣòfin, a ò rí i. Mo pè é lórí fóònù.

"Sípíkà, mo wà ní Àkúrẹ́ o," ó ní. "A ní ìdánwò lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Búrọ́ọ̀ṣì ń dúró dè ọ́," mo ní, mo sì pa fóònù.

Ó dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó tún ra ọṣẹ dání.