Bí Akínlóyè Ṣe Kó Kọjá Títì Nítorí Ìbò Kan

Ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà ní Moabit, ní ìlú Berlin, lónìí, tó sì béèrè irú èèyàn tí olóògbé Akínlóyè Babalọlá jẹ́, ìtàn mátíráàsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un. Àwọn kan á ní orí ló gbé e sí. Àwọn mìíràn á ní inú kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni. Kẹ́misọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, nítorí òun ló di igun kejì mátíráàsì náà mú. Bàbá rẹ̀ ti fóònù rẹ̀ láti Berlin pé kó máa bọ̀ kíákíá, ọ̀rọ̀ ti le. Kẹ́misọ́lá gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń wà ní Hamburg, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì sunkún dé ìdajì ọ̀nà, nítorí ó rò pé ìyá òun ni ara rẹ̀ kò yá. Ìgbà tó débẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn ló ti bá bàbá rẹ̀ pẹ̀lú mátíráàsì, irọ̀rí méjì, àti Bíbélì nínú àpò náílọ́ọ̀nù.

“Bá mi di ibẹ̀ yẹn mú,” ni Akínlóyè wí. “Mò ń kó lọ.”

“Ẹ̀ ń kó lọ síbo, Daddy?”

Akínlóyè fi àgbọ̀n júwe òdìkejì títì.

Anna, aládùúgbò wọn tó ń gbé lókè, yọ orí lójú fèrèsé. Ó rọra béèrè bóyá Akínlóyè àti ìyàwó rẹ̀ ń kọ ara wọn sílẹ̀ ni. Akínlóyè ní rárá, àwọn wà dáadáa, ìjọba ló fa ilà sí iwájú ilé òun, òun sì ń lọ síbi tí ìbò òun wà. Ìbíwùmí, ìyàwó rẹ̀, ń tẹ̀ lé e bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó dé etí títì, ó gbé ìkòkò náà lé Kẹ́misọ́lá lọ́wọ́.

“Ibi tí mo lè sìn yín dé nìyí,” ó wí. “Ẹ̀yin lẹ ní ààlà wà níbẹ̀. Èmi ò ní físà.”

Ó yẹ ká ṣàlàyé ààlà náà díẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí àgbègbè ìdìbò, èyí tí wọ́n ń pè ní Wahlkreis, àgbègbè kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọn tó ń du ipò aṣòfin níbẹ̀. Iye èèyàn inú wọn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ jù síra wọn. Bí ibì kan bá kún jù, wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tí à ń wí yìí, àárín títì Akínlóyè gan-an ni ilà tuntun gbà kọjá. Ilé tirẹ̀ bọ́ sí àgbègbè mìíràn. Ilé Oyèwọlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó dojú kọ ọ́, kò kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, bùrẹ́dì ni wọ́n ń rà lọ ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n Akínlóyè ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣa lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó kan àdírẹ́sì tí kì í kàn án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọdún mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ti ń dùn ún, ọjọ́ tí yóò dìbò lòdì sí i ló sì ń retí, ọkùnrin náà sì ti wá bọ́ sí òdìkejì títì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Aṣòfin àgbègbè wọn ni ọkùnrin náà. Lọ́dún mọ́kànlá ṣáájú, ó gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó ń pín bírò àti bàlúùnù. Akínlóyè dúró kí i, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò, ni Akínlóyè bá pè é síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Aṣòfin bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní inú òun á dùn gan-an láti wá. Ọmọ Jámánì tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu olóṣèlú á mọ̀ pé ó ń kíni ni. Akínlóyè ní tirẹ̀ lọ kéde rẹ̀ fún ìjọ. Wọ́n gbé àga kan síwájú, wọ́n lẹ orúkọ aṣòfin mọ́ ọn, wọ́n bu ìrẹsì àti ẹran sínú abọ́ onídèérí dè é. Kò wá. Lọ́dún kejì wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, Akínlóyè ní iṣẹ́ ló dá a dúró lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹfà, àwọn ọmọdé ìjọ ti gbà pé orúkọ áńgẹ́lì kan ló wà lára àga yẹn.

Ó lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin láìmọye ìgbà. Leon, akọ̀wé ibẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

“Herr Babalola, aṣòfin ò ṣèlérí fún yín o,” ni Leon wí lọ́jọ́ kan. “Ó kàn ní inú òun á dùn láti wá ni.”

“Tínú rẹ̀ bá dùn, kí ló wá dì í lẹ́sẹ̀?”

Leon fa ìwé kan sún mọ́ra. Ó mú bírò, ó béèrè àdírẹ́sì rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ó wà lára àwọn tó ń dìbò ní àgbègbè àwọn. Akínlóyè ní òun ò tíì gba ìwé ọmọ ìlú. Leon rọra gbé bírò náà sílẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan, ó tilẹ̀ bu kọfí fún àlejò rẹ̀. Akínlóyè ń wo bírò yẹn títí ó fi mu kọfí náà tán.

“Ìyá Kẹ́mi,” ó wí nígbà tó délé, “mo fẹ́ gba ìwé ọmọ Jámánì.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò ní gbà á láéláé?”

“Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ dìbò lòdì sí.”

Ó fi bí ọdún méjì kó ìwé jọ. Ó ṣe ìdánwò, ó dúró lórí ìlà, ó tún ya fọ́tò torí wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín nínú ti àkọ́kọ́. Ó gba ìwé náà níkẹyìn. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta sí i ni wọ́n fa ilà gba iwájú ilé rẹ̀.

Àwọn tó mọ Akínlóyè mọ̀ pé kò ra nǹkan rí láìdúnàádúrà, títí kan tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Ó gba ọ́fíìsì ètò ìdìbò lọ, ó bá obìnrin kan níbẹ̀, ó sì sọ fún un pé mítà mọ́kàndínlógún péré ni ẹnu ọ̀nà òun sí ti Oyèwọlé, òun fúnra òun ló wọ̀n ọ́n.

“Ẹ jẹ́ kí ilà yẹn gba ẹ̀yìn ilé mi,” ó bẹ̀ ẹ́. “Mi ò ní kẹ́ ẹ kó gbogbo àdúgbò padà. Ilé kan ni.”

“Òfin ti jáde, Herr Babalola.”

“Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pín in. Ẹ mú ilé ìdáná, ẹ fi pálọ̀ sílẹ̀ fún mi. Pálọ̀ ni mo ti máa ń ronú.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ awò ojú rẹ̀ nù. Ó wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn kí wọ́n tó fa ilà: ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìlú nìkan ni wọ́n ń kà. Akínlóyè béèrè iye tí wọ́n kà nínú ilé tirẹ̀. Obìnrin náà ní tí ìyàwó rẹ̀ ò bá tíì gba ìwé, a jẹ́ pé Akínlóyè nìkan ni. Akínlóyè ò dúnàádúrà mọ́. Ó dúpẹ́, ó lọ sílé, ó jókòó ti Ìbíwùmí tó ń jẹun lọ́wọ́.

“Wọn ò kà ọ́ o,” ó wí.

“Àwọn wo?”

“Àwọn tó ń fa ilà.”

“Kí wọ́n wá síbí wá fojú rí mi. Ẹ bá mi mú omi wá.”

Ohun tó kù fún Akínlóyè kò ju kó kó kúrò nílé lọ. Òfin ní àdírẹ́sì tí èèyàn bá ń lò nígbà tó ku ọjọ́ méjìlélógójì sí ìdìbò ni yóò ti dìbò. Oyèwọlé, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ń gbé pẹ̀lú Jasmin ọmọ rẹ̀, buwọ́ lu ìwé pé Akínlóyè ti di ará ilé òun. Mátíráàsì wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, Oyèwọlé jókòó, ó fara balẹ̀ ka òfin náà.

“Akínlóyè, o lè padà sílé báyìí o. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹ síbí. No wahala.”

“Tí mo bá padà kí ọjọ́ tó pé, irọ́ ni mo fi dìbò.”

“Bùrẹ́dì mi tó ò ń jẹ ńkọ́, ṣé ìyẹn ò tíì tó òtítọ́?”

“Papa, lass ihn,” ni Jasmin wí, ó ní kí bàbá òun fi bàbá olóbàbá lọ́rùn sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni tọkọtaya náà máa ń kí ara wọn láti fèrèsé sí fèrèsé. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ ti mọ “ẹ káàárọ̀” sórí, Anna sì ti ń dá tirẹ̀ padà láti òkè. Ó pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín, àfi Ìbíwùmí. Ó ń se oúnjẹ ẹni méjì láìmọ̀, ó sì sọ fún Kẹ́misọ́lá lórí fóònù pé ilé náà ti tóbi ju òun lọ. Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ kó padà wálé, aṣòfin ò kàn án.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Akínlóyè wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ nídìí pátákó tí wọ́n fi bo àwọn tó ń dìbò débi pé ẹnì kan béèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn náà ló kọjá títì padà wálé, irọ̀rí wà lábíyá.

“Ṣé ẹ ti gbẹ̀san?” ni Ìbíwùmí bi í.

“Ìkọ̀kọ̀ ni ìbò, Ìyá Kẹ́mi.”

Aṣòfin náà ló wọlé nínú ìbò náà. Ohun tó ya Kẹ́misọ́lá lẹ́nu ni pé inú bàbá rẹ̀ dùn, ó ń súfèé káàkiri ilé bí ẹni tó ti jíṣẹ́ rẹ̀ tán. Èyí tó tún wá ju ìyẹn lọ, nígbà tó di ìkórè lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, aṣòfin wá. Ó jókòó, ó jẹ ìrẹsì, ata mú kó làágùn, ó tún ní kí wọ́n bu sí i. Kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá jẹun kì í ṣe ará àgbègbè òun mọ́. Akínlóyè kàn fara kan ìyàwó rẹ̀.

“Ó rí i,” ó wí.

Ìbíwùmí béèrè ohun tó rí. Akínlóyè dìde lọ bu ìrẹsì sí i fún àlejò.

Láti ìgbà náà ni Kẹ́misọ́lá ti ń wádìí ẹni tí bàbá rẹ̀ dìbò fún. Gbogbo ìgbà tó bá bi í, Akínlóyè á ní kó sọ bí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ṣe ń lọ.

Òkìkí ìtàn náà dé Hamburg. Ìjọ wọn níbẹ̀ fẹ́ pín ara wọn sí ẹgbẹ́ àdúrà méjì, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Akínlóyè gbéra pẹ̀lú rúlà. Ó kà láti St. Georg dé Veddel, ilé dé ilé, títí ó fi kan Ayọ̀níkẹ́, aláboyún oṣù méje.

“Ẹyọ kan,” ni Akínlóyè wí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

“Bàbá, èmi àti ta ni? Ẹ ka ọmọ mi.”

“A kì í ka ẹni tí kò tíì dé.”

“Ó ti dé. Ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń ta mí nípàá?”

Akínlóyè tún ṣí ìwé rẹ̀. Ó pa ẹyọ kan rẹ́, ó kọ méjì, ó sì fọjọ́ kan gbáko tún ilà fà nítorí ọmọ inú yẹn. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ayọ̀níkẹ́ bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n fóònù sọ fún un, ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ń bọ̀ pẹ̀lú rúlà.

Ó kú lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹta, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó pé ọdún kan, gbogbo wọn pé jọ sílé Kẹ́misọ́lá ní Veddel láti rántí rẹ̀. Wọ́n sọ ti mátíráàsì, wọ́n sọ ti pálọ̀ àti ilé ìdáná. Kẹ́misọ́lá ní ohun kan ṣoṣo ló ń dun òun, pé bàbá òun lọ láìsọ ẹni tó dìbò fún.

Jasmin gbé àwo tó ń kó sílẹ̀.

“Àǹtí Kẹ́mi, mo mọ̀ ọ́n,” ó wí. “Èmi wà lára àwọn Wahlhelfer tó ka ìbò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. A ò gbọdọ̀ sọ ohun tá a bá rí. Mo sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn.”

Ó ní aṣòfin yẹn gan-an ni Bàbá Kẹ́mi fa igi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó wá fi lẹ́tà gbàgìdì kọ ọ́ pé ìkórè ni lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, aago méjì ọ̀sán, oúnjẹ yín wà nílẹ̀. Ó kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ò sì yingin. Ìbò tí èèyàn bá sì kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí lára, òfin ní kì í ṣe ìbò mọ́.

“Wọ́n ní ungültig ni,” ni Jasmin wí. “Wọn ò kà á. Ó dùn mí. Nígbà tó di Monday, mo lọ bá Leon ní ọ́fíìsì. Mi ò dárúkọ ìbò rárá. Mo kàn ní bàbá kan wà tó kó kọjá títì torí ọ̀gá wọn, pé ìkórè sì ni lọ́jọ́ Sunday.”



“Ọjọ́ méjìlélógójì ló fi jẹ bùrẹ́dì mi,” ni Oyèwọlé wí jẹ́jẹ́.

Ni ẹ̀rín bá bú jáde, wọ́n rín in títí Ìbíwùmí fi ń fi ìbòrí nu ojú. Kò pẹ́ tí ojú náà kò gbẹ mọ́. Ó na ọwọ́ sí Jasmin, ó fà á jókòó tì í.

“Ṣé o sọ fún Bàbá Kẹ́mi rí, pé wọn ò kà á?”

“Rárá, Mummy.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Inú wọn dùn sí i títí wọ́n fi lọ. Wọ́n gbà pé aṣòfin dá àwọn lóhùn.”

Àárò bàbá rẹ̀ wá sọ Kẹ́misọ́lá gan-an, ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀ lórí àga, ó sì ní kí Jasmin tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.