Ọ̀dà Funfun Tí Mọ́ríátù Fi De Ìgbìmọ̀

Ẹni tó bá mọ Mọ́ríátù ní Ìlobù mọ̀ pé kì í fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣeré. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn ọ̀gá á jẹ ẹ̀pà, wọ́n á da èèpo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí gan-an, òun á sì gbá a. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sójú ọ̀nà Ìfọ́n.

Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tà fún un kì í ṣe búlọ́ọ̀kù rárá. Yanrìn ni, tí wọ́n kàn jẹ́ kó tọ́ sìmẹ́ǹtì wò. Òjò ọdún kejì ò tíì dá tí ògiri fi sán láti orí fèrèsé dé ìsàlẹ̀, tí èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé mọ́kànlá mìíràn tí wọ́n ra búlọ́ọ̀kù wọn lọ́wọ́ oníbúlọ́ọ̀kù kan náà, ẹni tí ìjọba fúnra rẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ. Ìríra gbáà ni! Wọ́n kọ lẹ́tà síjọba títí ọwọ́ fi ro wọ́n. Ó tó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kí ìjọba tó rántí pé òun ní etí. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, àti pé ilé tí ìgbìmọ̀ bá kọ sínú ìwé pé ó sán nìkan ni ìjọba máa tún kọ́.

Ibi tí Mọ́ríátù ti ṣìṣe nìyí. Kí àlejò pàtàkì ti Òṣogbo wá, kí wọ́n wá bá ògiri játijàti? Malikah, ọmọ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá wò gan-an nìyẹn."

"Kí wọ́n lè lọ máa sọ pé ọ̀bùn ni mí? Tí wọ́n bá dé, màá ṣàlàyé fún wọn."

Ó po amọ̀, ó dí gbogbo ibi tó sán, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ó tẹ́ ẹní, ó ra mínírà tútù mẹ́fà.

Ìgbìmọ̀ dé ní ìyálẹ̀ta. Mọ́ríátù kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan báyìí tó wọ kóòtù, ò bọ́ bàtà kó tó tẹ ẹní mọ́lẹ̀. Ó ṣí mínírà, ó wo ògiri lókèèrè.

"Màmá, ilé yín mà dáa o!" Ó kọjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò síbi tó sán."

Mọ́ríátù sún mọ́ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo dí i ni. Torí pé ẹ̀ ń bọ̀ ni mo ṣe dí i."

"Ohun tójú wa bá rí la máa ń kọ, Màmá."

Mọ́ríátù sáré mú ọkọ́, ó fi ṣá ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan péré, amọ̀ já bọ́, ihò ńlá yọ, yanrìn sì ń dà sórí ẹní. Ọ̀gá sún sẹ́yìn, ó gbọn eruku kúrò lára bàtà, ó tún gbé mínírà sẹ́nu.

"Kọ ọ́," ó ní. "Onílé fọwọ́ ara rẹ̀ ba ilé jẹ́ lójú ìgbìmọ̀, kó lè rí ìrànwọ́ gbà."

Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó fìka kan yanrìn yẹn.

Wọ́n ní àwọn ń lọ. Ọ̀gá dúró díẹ̀, ó ń retí kí wọ́n kí òun pé ó dàbọ̀. Mọ́ríátù ò kúnlẹ̀. Ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ kó pé, sà," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo fi ọ̀dà bò ó. Mo ṣèèṣì pè yín ní àlejò ni."

Akọ̀wé wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì pa fáìlì dé láìkọ ọ́.