Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Dúró Ti Aró

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Kémta, aláró ni ìyá tó bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àwa méjèèjì jọ ń lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi mọ̀wé jù mí lọ fíìfíì. Òun ló máa ń gba ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀. Èmi, mo kàn ń tẹ̀ lé e lọ ni.

Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa ní apá àwọn kò ká ọmọ méjì níléèwé mọ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró ti aró. Tíṣà ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀bẹ̀ nílé wa pé kí wọ́n má yọ ọmọ tó mọ̀wé bẹ́ẹ̀. Ìyá wa dá a lóhùn, wọ́n ní:

"Tíṣà, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ tí àbúrò yìí bá fọwọ́ kàn ló ń bà jẹ́. Bí n kò bá rán an níwèé, kí ni yóò jẹ láyé? Èyí ẹ̀gbọ́n, ibi yòówù kó wà, yóò jẹun."

Bí èmi tí n kò mọ nǹkan kan ṣe ṣe di akọ̀wé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún lójú wa. Ó kó ìwé rẹ̀ fún mi, ó sán aṣọ mọ́dìí, ó sì lọ síbi ìkòkò aró.

Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ ló ń wá a kiri. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí àwọn ará ọ́fíìsì bá sì wá kí mi, tí ẹ̀gbọ́n mi wà nílé pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú dé ìgúnpá, mo máa ń dọ́gbọ́n ní kó bá mi wo ọbẹ̀ ní kíṣìnnì. Ó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó máa ń lọ.

Ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ọmọ mi obìnrin jáde yunifásítì. Ó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ káàkiri Òkè-Ìlewó, láti báǹkì dé báǹkì. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn yóò pè é. Wọn ò pè é. Ó wá sọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ aró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Inú bí mi, mo gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbà á! Ọmọ tó jáde yunifásítì? Irú ìyà wo nìyẹn?"

Aṣọ tó fẹ́ rẹ sáró ló ń dì lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Àbúrò mi, nígbà tí o wà níléèwé, kí lo rò pé a fi ń san owó rẹ? Ìyà yìí náà ni."

Mo kúnlẹ̀, arúgbó bíi tèmi. Ó fi ọwọ́ aró náà fà mí dìde, ó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́, kò sì tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá.

Ọmọ náà ló wà níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi báyìí. Fóònù ló fi ń ta aṣọ fún àwọn tí kò rí rí. Ó gba èèyàn méjì síṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì jáde yunifásítì bíi tirẹ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ìwé nìkan là ń pè ní ọ̀nà, ẹni tí kò bá sì gba ibẹ̀, ojú ẹni tó ṣubú la fi ń wò ó. N kò ní kí ẹ pa ìwé tì o. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹun kánú lónìí, ó yẹ kí orí rẹ̀ mọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ náà sì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní méjèèjì. Èmi ni mo jókòó sí àyè rẹ̀ níléèwé.