Ọsàn Wẹ́wẹ́ Kan ní Ọjọ́ Iléyá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé ọmọ mi obìnrin, Ráṣídà, lọ sí ilé ìtajà ọtí kan níbí ní Calgary. Ará Mẹ́síkò ni àwọn àna wa tuntun, wọ́n sì ń bọ̀ wá ṣe ìdáná ní Sátidé. Ìyá rẹ̀ ni ì bá tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ó ti di olóògbé. Ráṣídà to bíà Mẹ́síkò síwájú mi, èyí tó pupa bí oyin, èyí tó dúdú bí àgbo. Obìnrin tó ń tajà gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó fún un sínú bíà, ó da omi tòmátì, iyọ̀ àti ata sí i. Ó ní michelada ni wọ́n ń pè é. Òórùn yẹn kọlù mí, mo sì di ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ní Ìwó, ilé kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi dé ilé ìwé, mo ti ń hu irùngbọ̀n. Gàníyù ni ọ̀rẹ́ mi ní ilé kéwú. Bó bá ń ka Kùránì, àwọn obìnrin tó ń lọ odò a sọ ẹrù kalẹ̀ láti gbọ́. Tèmi dà bí ẹni ń gún iyán.

Bàbá mi kì í mutí, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá dé, ó máa ń ra bíà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàgbọ́ tó ń wá jẹran. Ó ní ta lòun tí òun yóò máa yan ohun mímu fún àlejò. Lọ́dún yẹn, èmi àti Gàníyù ni wọ́n ní ká gbé e wá láti yàrá ẹ̀yìn. Èmi ni mo fi eyín ṣí ìgò kan. Èmi náà ni mo ní, "Tọ́ ọ wò. Àbí ojo ni ọ́?" A jọ mu ún tán; ó korò bí ewúro. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ọsàn wẹ́wẹ́ ń pa òórùn ọtí. Ẹyọ kan ló wà lápò mi. Mo jẹ ẹ́ tán, tòun ti èèpo.

Wọ́n rí ìgò òfìfo náà. Nígbà tó di ìrun Alásárì, Àfáà tó ń kọ́ wa ní ilé kéwú tò wá sórí ìlà. "Ẹ ya ẹnu yín." Ó gbóòórùn ẹnu mi, ó fọwọ́ pa mí lórí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Gàníyù, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta lẹ jọ mu ún?"

Gàníyù wò mí. "Èmi nìkan ni."

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ àwọn tó parí Kùránì. Ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ funfun sílẹ̀. Àfáà lé e. Ìyá náà kò lè gbójú sókè ládùúgbò mọ́, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Èmi ṣe wòlímọ̀ tèmi. Wọ́n ní mo gbìyànjú.

"Daddy, which one? Èyí tó dúdú àbí light?" Ráṣídà rẹ́rìn-ín. "Why am I even asking? Ẹ ò tọ́ ọ wò rí láyé yín."

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Mo ti mu ún rí."

"Daddy! Alhaji mi!" Ó rẹ́rìn-ín títí obìnrin ọlọ́jà fi wò wá. Mo bá sọ ti Gàníyù fún un. Ẹ̀rín tán.

"Did you ever look for him?"

"Rárá."

Ayé ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ń gbóòórùn ẹnu ọmọ mọ́. Àlejò ṣì ni àlejò; bíà méjèèjì la rà. Ẹ̀yin ọmọdé máa ń sọ pé ẹni tó bá sọnù, fóònù á wá a rí. Òótọ́ ni. Àbúrò Gàníyù ń gbé ní àdúgbò Cornerstone ní Calgary níbí. Ọdún méje nìyí tí a ti ń kí ara wa ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo máa ń bi í léèrè iṣẹ́, mo máa ń bi í léèrè snow. N ò bi í léèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.