Bí Ògúnwálé Ṣe Fa Tẹlifóònù dé Tokpota

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ògúnwálé jẹ́, yàrá ìkẹ́rùsí ilé Pọ́ọ̀sì, ilé iṣẹ́ lẹ́tà àti tẹlifóònù, ní Àjàṣẹ́ ni kó ti lọ wá a. Níbẹ̀ ló ti máa ń jókòó ti tábìlì gígùn kan, tí yóò to àwọn ohun èlò okùn tẹlifóònù sílẹ̀ bí ìyàwó tuntun ṣe ń to àwo: àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n fi ń bo ibi tí wọ́n bá ti so okùn pọ̀, àwọn ìdè irin tí ń gbá okùn mọ́ ògiri, àti àwọn èdídí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ọ̀pá sìmẹ́ǹtì tí okùn ń gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Yóò mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò yí i sí ìmọ́lẹ̀, yóò fi èékánná họ ọ́, yóò tilẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, apá òsì ló ń lọ, kò sì sí ọ̀gá tó lè bá a gbé e padà sí apá ọ̀tún.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá jẹ́ bó ṣe ń yan ìdè irin náà ló ṣe yan ìyàwó, a jẹ́ pé orí tábìlì ni Àbẹ̀kẹ́ ì bá darúgbó sí. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Á ní Àbẹ̀kẹ́ ló yan òun, pé ká ní òun ni wọ́n fi sílẹ̀ fún, òun ì bá ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò títí di òní.

Ọmọ Nàgó ni. Bàbá rẹ̀ dáko ní Akpro-Missérété. Láyé àwọn Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó ń ru àkàbà tẹ̀lé àwọn tó ń gun òpó, títí wọ́n fi ń fi okùn lé òun náà lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Tẹlifóònù ni wọ́n ń pè é káàkiri ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí tẹlifóònù nínú ilé tirẹ̀. Afínjú ni. Bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, yóò ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, yóò tẹ́ àpò sílẹ̀ kó tó kúnlẹ̀, bí ẹni pé ìyẹ̀wù ẹlòmíràn ló wọ̀.

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí Ìyípadà dé, tí àwọn sójà gba ìjọba, nígbà tí oníkálukú ti ń pe ẹnìkejì rẹ̀ ní kámáràdì, ni àṣẹ wá pé kí wọ́n fa tẹlifóònù dé ilé ìgbẹ̀bí Tokpota, lẹ́yìn ìlú. Kò sí ẹni tínú rẹ̀ dùn tó Samiatou, àgbà agbẹ̀bí ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ìbímọ bá le, ńṣe ló ń rán ènìyàn sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láàárín ìlú. Kí ẹni náà tó dé ọ̀hún, kí ọkọ̀ tó gbéra, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán.

Ọ̀gá tó wà lórí iṣẹ́ náà ni Adéníran, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé ní ilẹ̀ Faransé, tó sì rọra ń sọ̀rọ̀. Okùn wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń pa á lára kó lè yọ̀ wọ inú ọ̀pá kò tí ì dé láti òkè òkun, èdídí ẹnu ọ̀pá náà kò sì tí ì dé. Ní àkókò yẹn, ọjà òkè òkun kì í tètè wọlé. Adéníran ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ògúnwálé ní sùúrù wo? Ṣé rédíò kò ń sọ ọ́ láràárọ̀ pé ká kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara wa? Ìyá rẹ̀ ní Akpro-Missérété ń yọ àdín tó dára. Kí ni àdín kò lè mú yọ̀?

Adéníran gbà fún un. Ta ni yóò dìde láàárín ọ́fíìsì kó ní òun kò gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara wa? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé garawa àdín dé etí kòtò. Wọ́n pa á lára okùn, okùn náà sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹja àrọ̀, gbogbo wọn ń kan sáárá sí Bàbá Tẹlifóònù. Ní ti èdídí, àkísà ló ká, tó fi dí ẹnu àwọn ọ̀pá náà títí ti gidi yóò fi dé. Ayọ̀ ọjọ́ náà pọ̀ débi pé òun, tó máa ń ṣa èdídí bí ẹní ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀, kò tilẹ̀ yí ojú padà wo àkísà ọ̀hún lẹ́ẹ̀kejì.

Tẹlifóònù Tokpota dún dáadáa ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láàárín àkókò náà, Ìyádùnní, àkọ́bí Ògúnwálé, tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Tokpota, ti wà nínú oyún àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù rẹ̀ ń pé bọ̀, Samiatou fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ní ọmọ náà kò tí ì yí orí sísàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fòyà, pé bó bá di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí kò bá tíì yí, òun yóò kàn gbé tẹlifóònù, dókítà á sì dé. Àbẹ̀kẹ́ lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé okùn tó fà ni ọmọ àwọn gbára lé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ògúnwálé nínú, ó sì dẹ́rù bà á díẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tẹlifóònù Tokpota sì kú.

Wọ́n lọ ṣí ìdérí kòtò tó wà lójú ọ̀nà. Òórùn àdín kíkan ló kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀. Àkísà kò sí lẹ́nu ọ̀pá mọ́. Ògúnwálé tẹ orí ba láti wo inú, ni òkété ńlá kan bá fò jáde, ó gba àárín ẹsẹ̀ Adéníran kọjá, ó wọ igbó lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó sanra bí ẹni tí wọ́n ń bọ́. Okùn inú ọ̀pá náà ti di jíjẹ jákèjádò, wọ́n ti họ rọ́bà ara rẹ̀ mọ́ títí kan wáyà. Wọ́n ti fi àkísà Bàbá Tẹlifóònù tẹ́ ìtẹ́ fún àwọn ọmọ wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dì mọ́ ṣọ́bìrì rẹ̀, ó ní, "Bàbá Tẹlifóònù, àwọn òkété yìí náà mà gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara wọn o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi bọ́ lójú wọn. Adéníran náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rẹ́rìn-ín. Ògúnwálé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ikùn Ìyádùnní ló ń rò.

Adéníran wá bá a níbi tó jókòó sí, kò sì sọ pé mo ti sọ fún un yín. Ó ní okùn kan ṣì kù ní ìkẹ́rùsí tó tó fún ojú ọ̀nà náà, ohun tí wọ́n máa pa á lára ni kí àwọn jọ ronú sí. Nílé ẹ̀kọ́ òun, àwọn máa ń lo ìyẹ̀fun funfun kan, irú èyí tí àwọn ìyá ń bù sára ọmọ jòjòló. Ògúnwálé bi í bó ṣe rí lọ́wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ fi àtàǹpàkò ra ìka, ó ní ó kúnná, ó ń yọ̀, kò ní òórùn, kò sì sí ohun abẹ̀mí tó ń jẹ ẹ́. Ògúnwálé náà ń fi àtàǹpàkò ra ìka tirẹ̀. Ó ní ẹfun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò gbé garawa sáré lọ sí ẹnu kòtò. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó gé okùn sí kélekèle, ó pa àdín lára ọ̀kan, ó fi ọṣẹ pa òmíràn, ó po ẹfun mọ́ omi fún ìkẹta, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìkẹ́rùsí níbi tí eku ti ń ṣe fàájì. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀, èyí tó ní àdín ti lọ tefétefé, wọ́n ti gé ti ọlọ́ṣẹ jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ti ẹfun wà bó ṣe wà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó gba èsì kan náà. Nígbà náà ló tó rán Àbẹ̀kẹ́ sí àwọn ẹlẹ́fun ní ọjà Adjarra. Àbẹ̀kẹ́ wo iye tó ń fẹ́, ó bi í bóyá ojúbọ òrìṣà ló fẹ́ kọ́ sábẹ́ ilẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn agbẹ́gi Adjarra, àwọn tí ń gbẹ́ igi ìlù. Ó ní kí wọ́n bá òun gbẹ́ èdídí onígi tó máa wọ ẹnu ọ̀pá ṣinṣin, tí àárín rẹ̀ lu fún okùn, òun yóò sì rì wọ́n sínú ọ̀dà. Wọ́n gbẹ́ àkọ́kọ́, ó gbé e sápá òsì. Wọ́n gbẹ́ ìkejì, ó gbé e sápá òsì. Àgbà agbẹ́gi kan bi í tìtìjú-tìtìjú bóyá ẹnu ọ̀pá náà ní eyín ni. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní ilé ọmọ òun ni okùn náà ń lọ. Wọ́n gbẹ́ òmíràn láìkùn mọ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn tuntun láti ilé Pọ́ọ̀sì nìyẹn, láti kòtò dé kòtò. Ní gbogbo ibi tí wọ́n bá dé, Ògúnwálé máa ń fi tẹlifóònù ọwọ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń dán okùn wò, gbá ẹnu okùn mú, á sì pe Mounirou, ẹni tó ń so ìpè pọ̀ nílé Pọ́ọ̀sì, láti mọ̀ bóyá okùn wà láàyè. Aláwàdà ni Mounirou. Nígbà kan á ní òun kò mọ ohùn yẹn, nígbà mìíràn á béèrè bóyá òkété ló ń pe òun.

Wọ́n dé kòtò tó wà ní ẹnu Tokpota lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ̀ iṣẹ́ ti gbé Adéníran padà sí ìlú láti lọ kó okùn tó kù wá. Ògúnwálé wà nínú kòtò, ẹfun bò ó láti irun orí dé ẹsẹ̀, nígbà tó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lókè.

"Bàbá Ìyádùnní, ọkọ̀ dà?" Àbẹ̀kẹ́ kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì ń mí gúlegúle. "Ọmọ yín ti ń rọbí láti àárọ̀. Samiatou ní ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń bọ̀, pé dókítà ló kù."

Kò sí ọkọ̀. Kò sí ẹni tó lè sáré dé ìlú kó tó pẹ́ jù. Ògúnwálé wo ẹnu okùn tó wà níwájú rẹ̀. Ó mú tẹlifóònù ọwọ́, ó fi gbá wáyà mú. Ó kọ́kọ́ bọ́, ó tún un mú.

"Aló. A ti múra sílẹ̀ fún Ìyípadà," ni Mounirou wí, bí òfin ṣe ní kí wọ́n máa kí ẹni tó bá pè, kí onítọ̀hún sì fèsì pé ìjà ń bá a lọ.

"Mounirou, fún mi ní ilé ìwòsàn."

"Ìdáhùn yín ńkọ́, Bàbá Tẹlifóònù? Àbí ìjà kò bá a lọ mọ́? Ẹ ti dé kòtò wo báyìí?"

"Ìjà ń bá a lọ," ni Ògúnwálé wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ó di dandan kí Mounirou dákẹ́ kó tó gbọ́. "Ìyádùnní ló ń rọbí. Ẹsẹ̀ lọmọ fi ń bọ̀. Jọ̀ọ́, fún mi ní ilé ìwòsàn."

Mounirou so ìpè náà pọ̀ kíá. Nǹkan kan ta kẹ́ lórí okùn, ohùn obìnrin kan nílé ìwòsàn sì gbà á, ó mọ́ gaara bí ẹni pé etí kòtò ló jókòó sí. Ògúnwálé sọ ibi tó wà, ó sọ ohun tí agbẹ̀bí rí, ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló gun òkè wá, ó dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, awakọ̀ rí bàbá funfun kan tó ń ju ọwọ́ láàárín títì, ó sì tẹ bíréèkì kó tó mọ̀ pé ènìyàn ni.

Dókítà bá wọn níbẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Ọmọkùnrin ni, ó mú orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀run, Ìgè. Ìyádùnní sùn, ó jí, ó béèrè ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá ìyá ọmọ wọlé wá wò ó, Samiatou dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó kọ́kọ́ lọ wẹ̀.

Okùn dé ilé ìgbẹ̀bí lẹ́yìn ìkómọjáde. Ògúnwálé fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu èdídí onígi tó gbẹ̀yìn wọlé, ó sì padà sí ilé Pọ́ọ̀sì láti gba ìpè àkọ́kọ́. Samiatou ló pè. Lẹ́yìn gbogbo ìyọnu, kò ní iṣẹ́ kan pàtó tó fẹ́ jẹ́. Ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú ewu ọmọ, ó béèrè Àbẹ̀kẹ́, ó béèrè ìyá rẹ̀ ní Akpro-Missérété, ó sọ pé Ìyádùnní gbé Ìgè wá fún àyẹ̀wò, pé ọmọ náà ti ń sanra, pé ó tiẹ̀ ń sunkún báyìí, ó sì gbé ẹnu tẹlifóònù sún mọ́ ọn kí bàbá rẹ̀ àgbà lè gbọ́. Mounirou na ìka sí aago ara ògiri, pé àwọn mìíràn ń dúró de okùn. Ògúnwálé mi orí sí i pé òun ti gbọ́, ó fa àga sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó.