Ìwé Orin Tí Wọ́n Fọ̀ ní Jarwal

Mo ṣì kéré, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, nígbà tí ìyá mi ń fọṣọ, tó sì ń gbálẹ̀ fún òyìnbó arúgbó kan tó ń tọ́jú eyín ní Sharafiyah, ní Jẹ́dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lónìí kò lè mọ bí Ghulail, àdúgbò tí à ń gbé nílùú kan náà, ṣe rí nígbà náà: yàrá kan, ènìyàn mẹ́fà, omi tó ń dà lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́. Síbẹ̀, mò ń lọ sílé ìwé, èmi nìkan láàárín àwọn ọmọbìnrin ilé wa, mo sì fi ń yangàn.

Òyìnbó náà máa ń kọ orin sílẹ̀. Kì í ṣe orin ijó. Orí ìwé tí wọ́n ti tẹ ìlà márùn-ún márùn-ún sí ló ti ń fi tàdáà búlúù kọ àmì róbótó róbótó, pẹ̀lú lẹ́tà kan lábẹ́ wọn tí kì í ṣe ti Lárúbáwá, tí kì í sì í ṣe ti òyìnbó. Nígbà tó fẹ́ lọ sílùú rẹ̀ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀rù bà á pé àwọn aṣọ́bodè lè gba ìwé náà lọ́wọ́ òun lójú ọ̀nà. Ó fi aṣọ dì í, ó gbé e fún ìyá mi. "Àmánà ni," ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àdúrà àwọn Júù fún òkú ni, pé ìyá òun àti àwọn àbúrò òun tí wọ́n pa nígbà ogun àgbáyé lòun ń kọ ọ́ fún, pé òun kò ní ẹ̀dà mìíràn.

Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí àmánà jẹ́, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni pé kéèyàn pa mọ́. Ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bà á jẹ́. Àáfà ni, Jarwal ní Mẹ́kà ló ń gbé, ó sì ń bójú tó àwọn Àlàájì àti Àlàájà tó ń ti ilé wá. Hàǹtú ni iṣẹ́ rẹ̀: á kọ ẹsẹ Kùránì sí wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́, aláìsàn á mu omi náà. Lọ́dún yẹn, Àlàájà ńlá kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí àìsàn gbé dálẹ̀. Hàǹtú lórí hàǹtú, kò ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn sì ti ń fi Àáfà rẹ́rìn-ín. Ó wá sí Ghulail láti mú ìyá mi lọ tọ́jú obìnrin náà, kò bá a nílé.

"Akọ̀wé," ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "ìwé wo lo ti rí rí tí èmi bàbá rẹ ò lè kà?"

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi ṣí àpótí. Nígbà tó rí ìwé náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Àdúrà ni, Àáfà." Mi ò sọ irú àdúrà tó jẹ́.

"Àṣírí ńlá ni. Gbé e, ká lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, àmánà ni o."

"Ṣé olè ni mí ni? Èmi tí mo mú ìyá rẹ wá sí ilẹ̀ yìí?"

Òyìnbó náà kì í ṣe Mùsùlùmí, kò lè fẹsẹ̀ tẹ Mẹ́kà láé, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ débẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Lójú mi ni Àáfà ti ń ri ewé ìwé bọ inú báàfù funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí tí omi fi dà bí omi aró. Àlàájà mu ife mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ó dìde, ó jẹun. Ibẹ̀ ni òkìkí Àáfà ti bẹ̀rẹ̀, òun ló sì fi jẹun títí ayé rẹ̀. Ó sá àwọn ewé náà lóòrùn, ó ní kí n dá wọn padà síbi tí mo ti mú wọn.

Ọjọ́ tí òyìnbó wá gba ẹrù rẹ̀, Àáfà wà níjokòó ní yàrá wa. Ìyá mi tú aṣọ náà. Ìlà márùn-ún márùn-ún nìkan ló kù. Arúgbó náà ń gbé ewé kọ̀ọ̀kan sókè síhà fèrèsé, ó ń wá ohun tó kọ, títí ó fi kan èyí tó gbẹ̀yìn.

"Ọmọ yìí ló fọ̀ ọ́," Àáfà wí. "Mo bá a tó ń fi ṣeré omi. Mo kàn bò ó láṣìírí ni."

Láyé ìgbà náà, ọmọdé kì í sọ pé àgbà purọ́. Arúgbó náà bẹ ìyá mi pé kó má lù mí, ó sì jáde. Ó gbìyànjú láti tún orin náà kọ, ewé mẹ́ta ló rí kọ kó tó kú.

Ìyá mi kò lù mí. Ó ní, "Ìwé lo fọ̀, ilé ìwé ti tán fún ọ." Ọdún márùn-ún ni mo fi bá a fọṣọ kí n tó rí ọ̀nà padà. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo ti kàwé gboyè, mo sọ òótọ́ fún un. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹni tó wo Àlàájà sàn?" Pé èmi ni mo fọ̀ ọ́ ló gbà gbọ́ títí ó fi kú.

Ayé ti yí padà. Fóònù ọwọ́ ọmọdé lónìí ì bá ti ya ìwé náà kí omi tó kàn án. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń fi Lárúbáwá dá mi lóhùn, wọ́n sì ń bá mi jiyàn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kùn pé ọmọ ìsinsìnyí kò bọ̀wọ̀ fágbà. Èmi kì í bá wọn kùn, mo mọ ohun tí ọ̀wọ̀ ná mi.

Àáfà kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi pé, nítorí èmi ni mo mọ̀wé jù nínú ẹbí, kí n kọ ohun tí mo rántí nípa bàbá wọn, kí wọ́n lè kà á níbi àdúrà rẹ̀. Ohun tí mo rántí nìyí. Kí wọ́n kà á sókè.